Gbogbo Sátidé Ni Mo Ń Tàn Án

Coventry, England
Ọjọ́ Àìkú, 14 oṣù Kẹsàn-án, 2025

Bàbá mi,

Mo kúnlẹ̀ kí yín o. Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ooru Ogunu, ẹ kú àìsí iná. Ṣé eékún yín ti fúyẹ́? Ṣé ẹ ń lo oògùn tí Àǹtí Cynthia fún yín? Èmi náà wà láàyè, a dúpẹ́. Ilé àwọn arúgbó ni mo ṣì ń ṣiṣẹ́, mò ń wẹ̀ wọ́n, mò ń bọ́ wọn, wọ́n sì ń fi orúkọ ọmọ wọn pè mí.

Mo mọ̀ pé ẹ ò lè gbọ́ fóònù mọ́. Ogójì ọdún ariwo jẹnẹrétọ̀ ti gba etí yín, nítorí náà mo kọ ọ́, kí Àǹtí Cynthia lè fi hàn yín lójú fóònù rẹ̀ ní kẹ́míìsì. Ẹ fojú fo àṣìṣe Yorùbá mi. Pijin Warri ni mo fi ń dá yín lóhùn nílé, ẹ̀yin náà lẹ sì sọ pé ọmọ tó bá fẹ́ kọ̀wé sí bàbá rẹ̀, kó fi èdè bàbá rẹ̀ kọ ọ́.

Bàbá, ilẹ̀kùn kan ṣí. Ilé iṣẹ́ kan níbí tó ń ṣe géèmù ka ìwé tí mo kọ sí wọn, wọ́n ní àwọn fẹ́ rí iṣẹ́ ọwọ́ mi. Bó bá tẹ́ wọn lọ́rùn, wọ́n á gbà mí, wọ́n á sì dúró fún mi lórí ìwé ìgbélùú mi tó máa parí ní oṣù Kejìlá. Bí kò bá tẹ́ wọn lọ́rùn, kí ẹ máa retí mi nílé. Ọjọ́ Ẹtì, 17 oṣù Kẹwàá, ni wọ́n dá fún mi.

Iṣẹ́ ọwọ́ mi kan ṣoṣo tó ṣeé fi hàn èèyàn ni géèmù tí mo fi ọdún mẹ́ta ṣe nínú yàrá mi lọ́dọ̀ yín. Inú kọ̀ǹpútà ńlá orí tábìlì mi ló wà. Fláàṣì tí mo dà á sí nígbà tí mò ń bọ̀ ti bàjẹ́ kí n tó débí. Bó ṣe wà yẹn, ó tóbi ju ohun tí dátà Warri lè gbé lọ. Ètò tí mo fi ṣe é nìkan ló lè fún un pọ̀ kó di kékeré, àfi kí wọ́n kọ́kọ́ ṣí ètò náà.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tan kọ̀ǹpútà náà. Ẹ tẹ àmì aláwọ̀ ewé tó wà lójú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Tó bá ti ṣí, ẹ kọ̀wé sí mi, màá sọ ohun tó kàn. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni.

Èmi ni ọmọ yín,
Adérìnsọ́lá.


Ogunu, Warri
Sátidé, 20 oṣù Kẹsàn-án, 2025

Àṣàbí ọmọ mi,

Kú òtútù, kú ìnira ìlú oníìlú. Ara mi le, alhamdulillahi. Eékún ń dùn mí, ṣùgbọ́n eékún tó ti kúnlẹ̀ ti jẹnẹrétọ̀ fún ogójì ọdún, kí la fẹ́ kó máa ṣe, kó máa jó ni?

Ọjọ́bọ̀ ni lẹ́tà rẹ dé. Mo kàn rí Cynthia níwájú kẹ́míìsì rẹ̀ tó ń ju apá méjèèjì bí ẹni tí oyin ń lé. Mo ka ètè rẹ̀: "Baba! Your pikin don write!" Mo sáré sọdá títì, mo gbàgbé eékún. Inú mi dùn nítorí ilẹ̀kùn tó ṣí. Ẹ̀rù sì bà mí, nítorí pé èmi lo gbé kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ lé lọ́wọ́.

Mo ṣe bí o ṣe wí. Mo tan jẹnẹrétọ̀, mo tan kọ̀ǹpútà, mo tẹ àmì aláwọ̀ ewé lẹ́ẹ̀mejì. Àwòrán àkọ́kọ́ jáde, ìlà funfun kan ń sáré nísàlẹ̀ rẹ̀. Ìlà yẹn sáré títí ó fi kù díẹ̀ kó kún, gbogbo rẹ̀ sì pòórá. Kò bínú, kò tọrọ àforíjì. Mo tún un tẹ̀, ó tún pòórá. Ìgbà mọ́kànlá ni mo tẹ̀ ẹ́. Ó dà bí ẹ̀rọ tó ń gbaná tó sì ń kú lójú kan náà. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń ṣe tẹ́lẹ̀.

Bí ẹ̀rọ bá ń ṣe báyìí fún mi, ohun mẹ́ta ni mo mọ̀: epo ò dé, iná ò dé, tàbí ìdọ̀tí ti dí i lọ́fun. Mo mú sukudiráfà mi, mo fi ẹnu rẹ̀ ti ara kọ̀ǹpútà náà, mo fi eyín di ìdí rẹ̀ mú. O mọ̀ pé egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ ni mo fi ń gbọ́ ẹ̀rọ láti ìgbà tí etí ti kọ̀ mí. Mo gbọ́ ọ tó ń mí. Ó ń mí geere. Kò sí ohun tó ń ṣe é tí ọwọ́ mi mọ̀.

Gbogbo Ogunu ló ń gbé ẹ̀rọ tó kú wá bá mi, mo sì ń jí i fún wọn. Ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Mo jókòó lórí àga rẹ láti àárọ̀, mi ò mọ ibi tí màá fọwọ́ kàn.

Tètè kọ̀wé. Má sì máa jẹun lórí ìdúró.

Bàbá rẹ,
Muhyideen.


Coventry
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 23 oṣù Kẹsàn-án, 2025

Bàbá mi,

Ẹ kú làálàá, ẹ kú àìsùn ọ̀rọ̀ mi. Mo rẹ́rìn-ín nígbà tí mo ka ti sukudiráfà yẹn, lẹ́yìn náà ni ẹ̀rín yẹn gbẹ mọ́ mi lẹ́nu. Ẹ jọ̀ọ́, kò sí epo níbẹ̀, kò sì sí ọ̀fun. Ẹ má tú ìdí rẹ̀ o.

Ẹ pa kọ̀ǹpútà náà, ẹ jẹ́ kó sinmi, ẹ tún un tàn, ẹ wá gbìyànjú lẹ́ẹ̀kan sí i. Bó bá tún pòórá, nǹkan kan wà tí mo nílò. Nínú fódà tó ní orúkọ mi lára, fáìlì kan wà tí ètò náà fi ń kọ ìtàn ara rẹ̀: gbogbo ìgbà tí wọ́n ṣí i, àti bó ṣe parí. Ẹ ṣí i, kí ẹ fi ohun tó wà níbẹ̀ ránṣẹ́ sí mi. Ibẹ̀ ni yóò ti sọ ohun tó ń pa á.

Ọjọ́ mẹ́rìnlélógún ló kù, Bàbá. Mò ń fi etí sí fóònù lẹ́nu iṣẹ́ bí olè. Ọ̀gá mi ti kìlọ̀ fún mi lẹ́ẹ̀mejì.

Ọmọ yín,
Adérìnsọ́lá.


Ogunu, Warri
Ọjọ́ Ajé, 29 oṣù Kẹsàn-án, 2025

Àṣàbí,

Ṣé o ti jẹun kí o tó ka èyí? Bí o ò bá tíì jẹun, lọ jẹun ná.

Mo pa á, mo jẹ́ kó sinmi, mo tún un tàn. Ó tún pòórá. Mo wá ṣí fáìlì tí o wí. Háà! Ọmọ yìí, ìwé wo lo ń kọ́ ẹ̀rọ? Gẹ̀ẹ́sì ni, kì í sì í ṣe Gẹ̀ẹ́sì. Nọ́ńbà, ìlà, àmì, nọ́ńbà. Ṣùgbọ́n o ní ohun tó wà níbẹ̀ lo fẹ́, mo sì gbà láti ṣe é. Mo ra ìwé kíkọ ńlá, mo jókòó, mo ń dà á kọ. Ọjọ́ mẹ́rin ló gbà mí. Mo ti ṣọ́ọ̀bù pa ní ọ̀sán, àwọn oníbàárà ń kanlẹ̀kùn, èmi ò kúkú gbọ́ wọn. Bíró méjì tán. Ojú ìwé méjìlélógún.

Ìgbà tí mo gbé e dé ọ̀dọ̀ Cynthia kó lè yà á ránṣẹ́, ó wò ó, ó wo ojú mi, ó fọwọ́ bo ẹnu. "Baba, why you no just call me make I come snap the computer?" Mo ní kí ló dé tí kò ti sọ bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́bọ̀. Ó ní: "You no tell me say na copy you dey copy." Òótọ́ ló sọ. A rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n èmi nìkan ló mọ bí ìka mi ṣe ń ro mí.

Mi ò fo ìlà kan. Bí o bá rí ibi tí ó ti wọ́, ìka tó ti rẹ̀ ni.

Ọkùnrin kan gbé jẹnẹrétọ̀ ọ́fíìsì rẹ̀ wá lánàá, Elisha lorúkọ rẹ̀, ní Ajamimogha ló ti ń tún kọ̀ǹpútà ṣe. Mo sọ ìṣòro wa fún un. Ó ní kí n gbé e wá. Mo ní kó fún mi láyè ná, ọmọ mi ló ni ẹ̀rọ, ẹnu rẹ̀ ni mò ń wò. Tètè dáhùn. Adìẹ bà lókùn ni ọ̀rọ̀ yìí báyìí: ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ.

Bàbá rẹ.


Coventry
Ọjọ́ Ẹtì, 3 oṣù Kẹwàá, 2025

Bàbá,

Mo kí yín. Ẹ máà bínú sí bí mo ṣe máa kọ èyí.

Mo ka gbogbo ojú ìwé méjèèjìlélógún. Ẹ ò fo ìlà kan lóòótọ́. Bàbá, ẹ̀yin lẹ fi ọwọ́ ara yín kọ ọ́ síbẹ̀: Sátidé, agogo méje àárọ̀, wọ́n ṣí i. Sátidé, agogo méje àárọ̀, wọ́n ṣí i. Láti ọ̀sẹ̀ kejì tí mo kúrò nílé ní oṣù Keje ọdún tó kọjá. Mo kà á dé ọgọ́ta. Lẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó kọ ọ́ pé wọn ò pa òun, iná ló lọ.

Ọgọ́ta ìgbà, Bàbá! Ẹ ń ṣí ètò mi, tí ẹ bá sì ti ṣe tán, ẹ kàn ń pa jẹnẹrétọ̀ lé e lórí bó ṣe wà. Kọ̀ǹpútà kì í ṣe gílóòbù. Iṣẹ́ ló ń ṣe nínú lọ́hùn-ún nígbà tí ẹ fa iná kúrò lẹ́nu rẹ̀. Kí lẹ ń wá nínú rẹ̀? Mo sì bi yín, ẹ ní ẹ ò mọ ohun tó ń ṣe é. Ẹ mọ̀! Ẹ kọ ọ́ sínú lẹ́tà yín pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń ṣe tẹ́lẹ̀, mi ò fura.

Ó dáa. Mo ti bínú tán. Ẹ gbọ́, mo ti rí ohun tó ń pa á, ohun kékeré ni. Fódà kan wà nínú iṣẹ́ náà tí ètò ń kó pàǹtírí ojúmọ́ rẹ̀ sí. Òun nìkan ló bàjẹ́. Géèmù náà wà níbẹ̀ ní pípé, kò sí ohun tó ṣe é. Bí a bá ti yọ fódà kékeré yẹn, ètò á ṣí, yóò sì kọ òmíràn fúnra rẹ̀. Kí Àǹtí Cynthia wá pẹ̀lú fóònù rẹ̀, kó máa ya ojú kọ̀ǹpútà fún mi, èmi á sọ èyí tí ẹ máa tẹ̀.

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Ẹ má gbé e lọ bá Elisha kankan. Mo bẹ yín.

Láti òní lọ, bí ẹ bá fẹ́ pa á: ẹ tẹ igun ìsàlẹ̀ ojú rẹ̀ lápá òsì, ẹ tẹ àmì róbótó tó ní ìlà lórí, ẹ tẹ ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀, kí ẹ wá dúró títí ojú rẹ̀ máa fi dúdú. Ìgbà yẹn lẹ tó lè pa jẹnẹrétọ̀.

Adérìnsọ́lá.


Ogunu, Warri
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7 oṣù Kẹwàá, 2025

Àṣàbí, ọmọ Muhyideen!

Ó ti ṣí o! Jókòó kí o gbọ́.

Láti ọjọ́bọ̀ ni kẹ́míìsì Cynthia ti wà ní títì. Ìyá rẹ̀ ló dùbúlẹ̀ àìsàn ní Orhuwhorun, ó ti lọ tọ́jú rẹ̀. Mi ò rí ẹnu rẹ gbọ́. Mò ń jí lójoojúmọ́, mò ń wo ilẹ̀kùn rẹ̀, pádíkọ̀ ni. Mo ka ọjọ́ lórí kàlẹ́ńdà mọ́ṣáláṣí, mo rí i pé ọjọ́ mọ́kànlá péré ló kù fún ọ. Omi tẹ̀yìn wọ ìgbín lẹ́nu. Mo sọ fún ara mi pé, Muhyideen, ọ̀nà ọmọ rẹ ń dí lọ, o wá jókòó ti pádíkọ̀.

Lánàá, mo gbé e sínú takisí, mo gbé e lé itan, mo di í mú bí ìgbà tí mo gbé ọ dé láti ọsibítù. Elisha tàn án, ó wò ó, ó ní: "Baba, make I just format am?" Mo bi í pé kí nìyẹn. Ó ní: "I go wash am. Everything wey dey disturb am go clear. E go be like new one." Mo dì mọ́ ọ̀rọ̀ yẹn! Ohun tí mo ti ń sọ láti ọjọ́ àkọ́kọ́ nìyẹn, pé ìdọ̀tí ló dí i lọ́fun. Kò sí kábúrétọ̀ tí mo fọ̀ tí kò gbaná. Mo ní: "Oga Elisha, wash am well well." Ó ti yíjú sí ẹ̀rọ nígbà tó tún bi mí ní nǹkan kan, mi ò rí ètè rẹ̀, mo ṣáà mi orí.

Ó fi wákàtí mẹ́ta fọ̀ ọ́, ó sì tún gbé ètò rẹ wọ inú rẹ̀ lákọ̀tun. Lónìí ni mo padà lọ. Ìlà funfun yẹn sáré, ó kún, ètò náà ṣí pẹrẹsẹ! Mo fò sókè nínú ọ́fíìsì ọlọ́fíìsì. Elisha ló fẹ́ ya lẹ́tà yìí ránṣẹ́ sí ọ, mo ti kọ nọ́ńbà rẹ fún un.

Jẹ́ kí n jẹ́wọ́ ohun kan nísinsìnyí tí inú wa dùn. Gbogbo Sátidé ni mo ń tàn án láti ìgbà tí o ti lọ. O mọ̀ pé bí oní-mọ́tò bá rìnrìn àjò, a kì í jẹ́ kí mọ́tò rẹ̀ sùn, a máa ń tàn án kí ara rẹ̀ lè gbóná. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe bẹ̀rẹ̀. Sátidé àkọ́kọ́, mo tẹ àmì aláwọ̀ ewé, mo sì rí ṣọ́ọ̀bù mi. Àṣàbí, o ò sọ fún mi! Ṣọ́ọ̀bù mi gan-an, pẹ̀lú páànù tó ti ya, pẹ̀lú ọkùnrin oní-fìlà búlúù tó ń yan bí mo ṣe ń yan. Mo sì rí ọmọbìnrin kékeré tó jókòó lórí bẹ́ǹṣì, tó ń mu gààrí. Mo kọ́ bí wọ́n ṣe ń tẹ bọ́tìnnì tí bàbá oní-fìlà á fi rìn. Gbogbo Sátidé, kí n tó lọ ṣí ṣọ́ọ̀bù, mo máa ń mú un rìn dé ibi tí o jókòó sí. Á dúró tì ọ́. Mo máa ń kí ọ káàárọ̀. O kì í dáhùn, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ẹnu rẹ kún fún gààrí.

Ohun kan ṣoṣo ló kù tó rú mi lójú. Ètò náà ṣí, ṣùgbọ́n mi ò rí ṣọ́ọ̀bù náà. Mi ò rí ọ. Ilẹ̀ eérú kan báyìí ni, ó tẹ́ lọ rẹrẹ. Bọ́tìnnì wo ni kí n tẹ̀?

Bàbá rẹ tó ń yọ̀,
Muhyideen.


Coventry
Ọjọ́rú, 15 oṣù Kẹwàá, 2025

Bàbá mi,

Mo kúnlẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí pé ọjọ́ mẹ́jọ kọjá tí mi ò fèsì. Ìlà kan ni mò ń kọ, mo sì ń pa á rẹ́.

Kò sí bọ́tìnnì, Bàbá. Ohun tí Elisha fọ̀ ni gbogbo rẹ̀. Mo kọ̀wé bi í bóyá ó ṣeé kó padà, ó ní òun ti gbé nǹkan tuntun lé e lórí, ó sì ní òun bi yín, ẹ mi orí. Mi ò bá a jà. Mo sọ fún ilé iṣẹ́ náà pé iṣẹ́ ọwọ́ mi ti sọnù. Wọ́n fèsì pé ó dùn wọ́n. Mo lọ sí ilé ìwẹ̀ ibi iṣẹ́, mo sunkún, mo bọ́jú, mo lọ bọ́ àwọn arúgbó mi.

Mo fẹ́ bínú sí yín. Mo wá inú mi títí, mi ò rí ìbínú náà mọ́. Kí lẹ ń wá nínú rẹ̀, mo bi yín, ẹ sì ti ń dáhùn nínú lẹ́tà yín kí ẹ tó rí ìbéèrè mi.

Ohun kan ni mo gbọ́dọ̀ sọ, nítorí pé ó ń jẹ mí lọ́kàn. Kì í ṣe gààrí ló kún ọmọ yẹn lẹ́nu. Èmi ni mi ò tíì parí rẹ̀. Bí bàbá oní-fìlà bá ti dúró tì í, ó yẹ kó dìde, kó kúnlẹ̀, kó ní, "Ẹ káàárọ̀, Bàbá." Mo ti ya ìkúnlẹ̀ rẹ̀ sínú ìwé. Ọ̀sẹ̀ tí ìwé ìrìnnà mi jáde ni mo fẹ́ fi í sí i. Mo ní tí mo bá débí, màá ṣe é.

Ẹ má bá ara yín jà. Ẹ lo oògùn eékún.

Ọmọ yín,
Àṣàbí.


Ogunu, Warri
Sátidé, 18 oṣù Kẹwàá, 2025

Àṣàbí,

Mo kí ọ.

Ọjọ́ kẹsàn-án oṣù yìí ni Cynthia ti dé. Ó fi lẹ́tà ọjọ́ kẹta rẹ hàn mí. Mo kà á lórí ìdúró, mo rí ibi tí o ti ní kí n má gbé e lọ bá Elisha kankan. Mo dá fóònù rẹ̀ padà fún un, mo lọ ti ṣọ́ọ̀bù. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti mọ̀. Ojú ló tì mí tí mi ò fi kọ̀wé. Lánàá ó fi tọjọ́rú hàn mí. Ó ní: "Baba, sorry." Mo rí ètè rẹ̀ dáadáa.

Ogójì ọdún, kò sí ẹ̀rọ ẹnikẹ́ni tó bàjẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Tìrẹ ni àkọ́kọ́. Mo sì mi orí sí ìbéèrè tí mi ò gbọ́, nítorí pé mi ò fẹ́ kó mọ̀ pé adití ni mí. Ọ̀rọ̀ náà kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mi ò mọ ẹ̀bẹ̀ tí bàbá ń bẹ ọmọ lórí irú èyí. Bí o bá mọ̀ ọ́n, kọ ọ́ ránṣẹ́, kí n dà á kọ.

Ọdún yìí ni ìwé rẹ máa parí. Bí wọ́n bá ní kí o máa bọ̀, yàrá rẹ wà níbẹ̀, mo ti gbá a.

Òní ni Sátidé. Ara mi ò gbọ́ràn sí mi lẹ́nu, agogo méje ni mo tan jẹnẹrétọ̀. Ètò náà ṣí lẹ́ẹ̀kan náà. Ilẹ̀ eérú yẹn ló jáde. Mo tẹ bọ́tìnnì ìrìn, kò sí ẹni tó rìn. Mo ṣáà kí ọ káàárọ̀.

Lẹ́yìn náà mo ṣí lẹ́tà ọjọ́ kẹta rẹ, tí mo dà kọ sínú ìwé lánàá, mo sì pa á bí o ṣe kọ́ mi. Mo tẹ igun ìsàlẹ̀ ojú rẹ̀ lápá òsì. Mo tẹ àmì róbótó tó ní ìlà lórí. Mo tẹ ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀. Kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀ mọ́ tí iná lè bàjẹ́, mo mọ̀. Mo dúró tì í, mo gbé ọwọ́ lé e, títí ojú rẹ̀ fi dúdú, kí n tó lọ pa jẹnẹrétọ̀.

Bàbá rẹ,
Muhyideen.